Olórin tó fẹ́ fi oògùn olóró sílẹ̀ nítorí Jésù: ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

MánéjàẸgbẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ bá wa yẹ̀ wò. Akọrin kan ni, ó tún ń ta gìtá. Oògùn ikọ́ oníkodíìnì àti tramadol ti di bárakú fún un, ọtí líle ló sì fi ń sùn lálẹ́. Ó ti jọ̀wọ́ ayé rẹ̀ fún Jésù báyìí. Ó ní láti ọ̀la lọ òun ò ní fẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn mọ́: òun máa ti ara òun mọ́lé, òun máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ 7 láìjẹ láìmu, kò sí dókítà, tó bá di ọjọ́ kẹjọ òun á kọrin ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ pa iná ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kó kú. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe, kí ni ká má dáwọ́ lé, báwo sì ni iṣẹ́ orin ṣe máa rí lẹ́yìn rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ dá a dúró ná. Kó fi oògùn sílẹ̀ dáa gan-an. Ìlẹ̀kùn títì àti àìmu omi yẹn ni kò dáa. Ohun mẹ́ta tí ẹ dárúkọ yẹn, bí kálukú ṣe ń kúrò lára yàtọ̀.

Ọtí ló léwu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun làwọn èèyàn kì í kà sí oògùn. Ẹni tó ti ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́, bó bá dá a dúró lójijì, láàárín wákàtí 6 sí 12 ọwọ́ rẹ̀ á ti máa gbọ̀n, òógùn á máa bò ó. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè gbé e. Láti nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, ọpọlọ lè dà rú: á máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, ara á gbóná, àyà á máa lù kìkì, ìyẹn sì lè gbẹ̀mí ẹni. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń rí ejò lára ògiri lọ́jọ́ kẹta nínú ilé àdúrà, wọ́n á ní ẹ̀mí burúkú ló ń jáde. Ọtí tó ń kúrò lára ni. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà ní wákàtí yẹn, kí wọ́n lè fún un ní oògùn tó ń dá gìrì dúró, kí wọ́n sì fún un ní fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára. Bí wọ́n bá fa omi náà ṣáájú fítámì yẹn, ó lè ba ọpọlọ ẹni tí ọtí ti jẹ ara rẹ̀ jẹ́.

Kodíìnì àti tramadol ní tiwọn: láàárín ọjọ́ kan, imú á máa ṣomi, á máa yán ṣáá, inú á máa lọ́, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì á dé, gbogbo eegun á máa ro ó, oorun á sá. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá ń parí lọ. Ìyà yìí fúnra rẹ̀ kì í sábà pani. Omi tó ń tán lára ló ń pani. Tramadol tún ní ọ̀nà kejì tó ń gbà ṣiṣẹ́ lára ọpọlọ, nítorí náà bó bá ń kúrò, ẹ̀rù tí kò nídìí àti ìdààmú lè bá èèyàn. Ẹni tó ń lo ju 400 miligíráàmù lọ lójúmọ́ sì ti wà lẹ́bàá gìrì tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi gìrì ọtí kún un. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń dín tramadol kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kọ ìwé kékeré kan kí ẹ tó gbéra lọ sọ́dọ̀ dókítà: orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, hóró mélòó tàbí ìgò mélòó lójúmọ́, iye miligíráàmù tó wà lára páálí, wákàtí tó lò ó gbẹ̀yìn, bóyá gìrì ti gbé e rí, bóyá ó ń lo oògùn oorun bíi diazepam. Ẹ kó àwọn páálí òfìfo lọ́wọ́. Àwọn olórin máa ń dín iye yẹn kù nítorí ìtìjú, dókítà á wá fi ìdajì òótọ́ ṣe ìṣirò ìtọ́jú.

Ajíhìnrere77

Ẹ ṣeun o, nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ìmọ̀ dókítà dín agbára Ọlọ́run kù. Àwọn kan wà tí òùngbẹ oògùn kúrò lára wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbàdúrà fún wọn. Brian Welch tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin Korn, methamphetamine (oògùn amóríyá kan tó lágbára) ló ń lò. Lọ́dún 2005 ó gba Jésù, ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì rì í bọmi nínú odò Jọ́dánì lọ́dún yẹn kan náà. Tí ẹ bá ní kí ọmọkùnrin yìí kọ́kọ́ lọ rí dókítà, ṣé kò ní dà bíi pé iyèméjì lẹ ń kọ́ ọ?

Onídùrù

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn pé Ọlọ́run lè ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ wo àpẹẹrẹ tí ẹ mú wá yẹn dáadáa. Welch kúrò lọ́dún 2005, ọdún 2013 ló tó padà sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 8 gbáko! Àwọn tó ń sọ ìtàn yẹn lórí pèpéle máa ń sọ ti odò Jọ́dánì, wọn kì í sọ ti ọdún 8. Èkejì, ohun tó ń lò kì í ṣe ọtí. Ẹni tó bá dá methamphetamine dúró máa ń sùn bí òkú, ebi á máa pa á, ìbànújẹ́ ńlá á gorí rẹ̀ tó fi jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ kó má pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní irú gìrì tí ọtí ní. A kì í fi ìwọ̀n ẹlòmíràn rán aṣọ fúnni.

Nípa iyèméjì: Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run dá a lóhùn, síbẹ̀ wọ́n fi ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ kó tó sàn. Èlíjà sá dé abẹ́ igi, ó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì ò wàásù fún un. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó ní kó jẹun, ọkùnrin náà sì tún sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fún un lóúnjẹ kó tó di pé Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ará Samáríà da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́, ó sì san owó ilé àlejò. Inú Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú olórin mìíràn wá. Lọ́dún 1965, wọ́n mú Johnny Cash ní El Paso ní Amẹ́ríkà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró oògùn amóríyá àti amúnisùn ni wọ́n bá nínú àpótí gìtá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ jáwọ́ lọ́dún 1967, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Nat Winston ń wá sílé rẹ̀, June Carter (olórin tó wá di ìyàwó rẹ̀) àti àwọn òbí obìnrin náà sì kó sílé náà, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí àwọn tó ń kó oògùn wá má baà wọlé. Àdúrà wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, olùṣọ́nà náà wà níbẹ̀. Ó di onígbàgbọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ó ń kọrin níbi ìpàdé ìhìnrere ńláńlá. Síbẹ̀, lọ́dún 1983, ó tún ní láti wọ ilé ìtọ́jú Betty Ford Center. Ta ló máa wá sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe òótọ́?

Ajíhìnrere77

Mo gbọ́ ti Èlíjà yẹn. Ààwẹ̀ náà wá ńkọ́? Ọ̀kan wà tí kì í jáde bí kò ṣe nípa àdúrà àti ààwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Kí àwọn tí ara wọn le bá a gbààwẹ̀. Kí òun máa jẹun.

Ẹni tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru ò ní omi tó máa fi gbààwẹ̀. Ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà sílẹ̀ fún un: omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà tí ẹ fi ọwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dá kún ìṣòro ni. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kódà bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bì tán, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ rírọ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, sàn ju àwo ńlá kan lọ. Kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí gìrì bá gbé e, bó bá ń rí ohun tí kò sí, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 8, bí ara bá gbóná tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú.

Ọ̀rọ̀ kan péré lórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹni tí oògùn ń dà láàmú, tàbí tí wọ́n ń nà án: gìrì tó bá gbé ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lè ṣẹ́ eegun rẹ̀, èébì sì lè há a lọ́fun níbi tí kò ti lè yí ara padà. Ẹ má gbé e débẹ̀.

ÌyáÌmọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, òun ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú ni láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, nígbà tí ara ti le, tí àwọn tó ń gbàdúrà fún un ti lọ sílé wọn. Jésù sọ ọ́ nínú Mátíù orí 12: ilé tí wọ́n gbá mọ́ tí wọ́n sì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àmọ́ tó ṣófo, ni ẹ̀mí àìmọ́ yẹn padà sí pẹ̀lú méje mìíràn.

Èyí tó máa kún ilé náà, mo pín in sí ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn.

Àkọ́kọ́ ni ìjẹ́wọ́. Jákọ́bù 5:16 ní ká jẹ́wọ́ fún ara wa, ìyẹn ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Kó yan ẹnì kan, kí ọkùnrin yan ọkùnrin, kí obìnrin yan obìnrin. Kó má jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré lórí ìtàgé, torí owó á dà wọ́n pọ̀. Kó má sì jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn tó ní ẹgbẹ̀rún èèyàn láti bójú tó. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Ìbéèrè tí kò bá ní orúkọ ohun kan nínú kò wúlò. "Báwo ni nǹkan?" á mú "a dúpẹ́" wá, ó tán. Ẹ bi í pé: Ìgbà wo ló ṣe ọ́ bíi kó o mu nǹkan lónìí? Ta lo wà pẹ̀lú? Owó mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ? Wákàtí mélòó lo sùn lánàá?

Èkejì ni òùngbẹ. Òùngbẹ oògùn máa ń ru bí ìgbì, ìṣẹ́jú 15 sí 30 ló sábà máa ń lò kó tó rọlẹ̀. Kó má jókòó jà á nínú ọkàn. Kó dìde, kó kúrò nínú yàrá yẹn, kó pe ẹni tí a sọ lókè, kó ka Sáàmù sókè (ẹnu ni kó fi kà á), tàbí kó kọ orin ìyìn tó falẹ̀, tí èémí rẹ̀ gùn. Orin tó falẹ̀ ń dín ìsáré àyà kù, olórin sì ni, ohun èlò yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó sì bi ara rẹ̀ bóyá ebi, ìbínú, ìdáwà tàbí àárẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́. Alcoholics Anonymous (ẹgbẹ́ àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí) bẹ̀rẹ̀ ní 1935 láti inú àwùjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Oxford Group, ìgbésẹ̀ 12 wọn sì kún fún ìjẹ́wọ́ àti àtúnṣe. Celebrate Recovery, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, gbé ìlànà 8 rẹ̀ karí àwọn "alábùkún-fún" inú Mátíù orí 5. Teen Challenge wà láti 1958, àwọn yẹn ń gba èèyàn sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọ̀kankan ò bá sí nítòsí, èèyàn mẹ́ta tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Kí wọ́n má ṣe pa á jẹ ṣá.

Ìkẹrin ni èyí tó ń bí mi nínú. Ẹ má gbé e sórí pèpéle lọ́jọ́ kẹjọ! Ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn ẹ̀rí, olórin tó gbajúmọ̀ sì ń fa èrò. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún Tímótì nípa gbígbé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣì tutù sípò, kí ìgbéraga má bàa mú un ṣubú. Tí ẹni tó ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ bá ṣubú lọ́sẹ̀ kẹfà, kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Á máa mu ún ní kọ̀rọ̀, á sì máa darí orin ìyìn. Ìdánìkanwà àti àṣírí ló ń pani jù. Ní tèmi, kó jókòó láàárín ìjọ fún oṣù mẹ́ta láìfọwọ́ kan gìtá níbẹ̀, kó wá máa bá wọn ṣe ìdánrawò fún oṣù mẹ́ta míì, ká tó sọ ti ẹ̀rí.

OnílùAkọ́kọ́

Oṣù mẹ́ta láìfọwọ́ kan gìtá? Ìyá, orin lóúnjẹ rẹ̀! Ohun tí ẹ̀yin àgbà ò sì tíì sọ ni pé tí èèyàn bá dáwọ́ oògùn dúró, orin fúnra rẹ̀ á dà bí omi tí kò níyọ̀. Ọ̀pọ̀ olórin ló ń padà sídìí rẹ̀ torí pé wọ́n rò pé ẹ̀bùn ti lọ.

ÌyáÌmọ̀ràn

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wí, ọmọ mi. Kó máa ta gìtá rẹ̀ nílé. Èyí tó kù, Onídùrù ló máa lè dáhùn ẹ.

Onídùrù

OnílùAkọ́kọ́ fọwọ́ bà á níbi tó ti ń dùn ún. Oògùn ti ń fún ọpọlọ ní ayọ̀ tó pọ̀ kọjá ààlà fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ wá ti dín tirẹ̀ kù. Tí oògùn bá lọ, ohun gbogbo á pa láwọ̀: orin, oúnjẹ, àdúrà pàápàá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, fún ẹlòmíràn oṣù púpọ̀, kó tó padà. Ẹ sọ fún un ṣáájú kó tó dé ibẹ̀, nítorí olórin á kà á sí pé ẹ̀bùn ti lọ, onígbàgbọ́ á kà á sí pé Ọlọ́run ti kúrò, ẹni tó wá jẹ́ méjèèjì ńkọ́? Kó má dúró de ìmọ̀lára kó tó gbàdúrà tàbí kó tó ta gìtá. Kó fi aago ṣe é.

Ìdí kejì tún wà. Tó bá jẹ́ pé inú ìmutípara ló ti kọ́ orin kan, tí kò sì kọ ọ́ rí lójú tó dá, ìka rẹ̀ á máa ṣì í. Kó mú orin mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, kó fi metronome (ẹ̀rọ tó ń ka ìyára orin) sí ìdajì bó ṣe ń yára tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀, 20 nírọ̀lẹ́, kó máa fi 5 kún ìyára rẹ̀ tó bá ti ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣì. Bí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó máa ta ìró tó lọ́ra, kó fi àwọn ìka tó ń sáré sílẹ̀ ná. Ẹ sì bi í bóyá ìrora ọwọ́ tàbí ẹ̀yìn ló gbé e dé ìdí tramadol láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrora yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró dè é. Kó rí àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, kó sọ okùn èjìká gìtá rẹ̀ di èyí tó fẹ̀, kó máa sinmi fún ìṣẹ́jú 10 nínú wákàtí kan.

Ní ti iṣẹ́, kó má gba òde alẹ́ fún ọjọ́ 90 àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀: kíkọ́ àwọn ọmọ ní gìtá, iṣẹ́ situdíò ọ̀sán, kíkọ orin fún ẹlòmíràn. Tó bá wá padà sórí ìtàgé, èyí ni kí ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn, mánéjà, kì í ṣe kí ẹ fẹnu sọ ọ́:

"Kò gbọ́dọ̀ sí ọtí tàbí oògùn olóró nínú yàrá ìmúra olórin. Olórin ní ẹ̀tọ́ láti mú alábàárìn kan dání. A óò san owó sínú àpò báǹkì tí a kọ sísàlẹ̀ yìí, a kò ní fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbi eré."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Owó lọ́wọ́, agogo 2 òru, ara tó ṣì ń gbóná látorí ìtàgé: ibẹ̀ gan-an làwọn olóògùn máa ń dúró sí. Kó dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kó ti jẹun. Kó kúrò láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá ṣe tán. Alábàárìn ni kó wa ọkọ̀. Ara ò ní rọlẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, nítorí náà kí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe nílé: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, oúnjẹ díẹ̀, kíka Bíbélì, iná tó rọlẹ̀, fóònù níta yàrá.

Bí ẹ̀rù ìtàgé ló ń mú kó mutí, kó sọ fún dókítà. Propranolol wà, ó ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n àti àyà sísáré dúró, kì í di bárakú, àmọ́ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) kò gbọ́dọ̀ lò ó, kò sì yẹ kó jẹ́ lọ́jọ́ eré ló máa kọ́kọ́ dán an wò.

Fóònù náà ńkọ́? Kó yí nọ́ńbà padà. Kí òun àti alábàárìn rẹ̀ jọ jókòó, kí wọ́n fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà àwọn tó nílò sórí bébà, kí wọ́n ba káàdì àtijọ́ jẹ́. Tó bá ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí tuntun, ó ti kó olóògùn dání nìyẹn.

Ajíhìnrere77

Ẹ ti kọ́ mi ní nǹkan lónìí, mi ò ní purọ́. Ìbéèrè kan ṣì wà lọ́kàn mi. Mo gbọ́ pé àwọn dókítà máa ń fún wọn ní methadone tàbí buprenorphine. Ṣé kì í ṣe oògùn la fi pààrọ̀ oògùn?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ìbéèrè dáadáa ni. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ìwọ̀n kan náà ló ń lò lójúmọ́, kò ní máa gbé e lọ sókè kó sì jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, á lè ṣiṣẹ́, á lè sùn, ewu ikú sì ń dín kù gan-an fún ẹni tó bá wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lo kodíìnì ló nílò rẹ̀, dókítà ló máa pinnu. Buprenorphine ní àkókò tirẹ̀: bó bá lò ó nígbà tí kodíìnì ṣì kún ara, ìyà tí mo kà sílẹ̀ níṣàájú á já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Kó dúró títí ìyà náà á fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń pani ni kí ẹnì kan sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún pé "ìgbàgbọ́ rẹ ti tó, da oògùn yẹn nù." Bí wọ́n bá fẹ́ dín in kù, dókítà ló máa dín in kù, ó sì lè gba oṣù tàbí ọdún.

Naltrexone yàtọ̀: ó ń dí ẹnu ọ̀nà tí kodíìnì ń gbà wọlé sí ọpọlọ. Kó tó lò ó, ara gbọ́dọ̀ ti mọ́ fún ọjọ́ 7 sí 10. Tí wọ́n bá ń lò disulfiram fún ọtí, ẹ kìlọ̀ fún olùṣọ́-àgùntàn, torí wáìnì oúnjẹ Olúwa díẹ̀ lè mú ojú rẹ̀ pọ́n, kó máa bì, kí àyà rẹ̀ máa lù. Omi ìfọnu kan àti àwọn oògùn ikọ́ kan pẹ̀lú ní ọtí nínú. Kí ṣọ́ọ̀ṣì fún un ní omi èso àjàrà tí kò kan, láìsí ariwo.

MánéjàẸgbẹ́

A ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń ka èsì yín. Ó ti gbà láti rí dókítà, ó ní ti Èlíjà yẹn ló wọ òun lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá wá ṣubú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ìgbà tó léwu jù ni ìgbà tó bá ti pẹ́ díẹ̀ tó ti fi í sílẹ̀. Ara tó ti mọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, ìwọ̀n tó ń lò láti fi ṣeré nígbà yẹn lè dá èémí rẹ̀ dúró lónìí, pàápàá bí ọtí tàbí diazepam bá wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un lójúkorojú. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń lo oògùn, ẹ̀mí rẹ̀ la ń wò.

Kí ẹgbẹ́ ní naloxone (oògùn tó ń dá iṣẹ́ kodíìnì àti irú rẹ̀ dúró bó bá pọ̀ jù lára), kí ó kéré tán èèyàn mẹ́ta mọ ibi tó wà. Ẹ ó mọ̀ pé oògùn ti pọ̀ jù bí ẹyinjú bá di tóńtó bí ojú abẹ́rẹ́, bí ètè bá ń dúdú tàbí tó ń rí bí aró, bí èémí bá ń jìnnà síra, bí ó bá ń hanrun bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀ tí kò sì dáhùn. Ẹ pariwo orúkọ rẹ̀, ẹ fi ìkúùkù ra egungun àyà rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, ẹ fín naloxone sí ihò imú kan, ẹ máa mí sí i lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí ìṣẹ́jú 3 bá kọjá tí kò mí dáadáa, ẹ fún un ní èkejì sí ihò imú kejì. Tó bá ti ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ nítorí pé ó jí: agbára naloxone ò ju ìṣẹ́jú 30 sí 90 lọ, oògùn tó mu lè pẹ́ jù ú, tí á tún sùn padà. Apá kan iṣẹ́ tramadol sì ni naloxone lè dí, kò lè dá gìrì rẹ̀ dúró, nítorí náà ilé ìwòsàn ni dandan. Ẹ má ki ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má da omi lé e lórí. Kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà gbà á bó ṣe ń mí sí i lẹ́nu.

ÌyáÌmọ̀ràn

Bí ó bá ṣubú tó sì yè é, láàárín wákàtí 24 kí ẹ ti jókòó tì í. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ló dé tó o fi já wa kulẹ̀." Gálátíà 6:1 ní kí a mú un bọ̀ sípò pẹ̀lú ìwà tútù. Ẹ bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí pé ìṣubú kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó mu ún: oorun tó ti ń sá, ìpè tí kò pe, ìpàdé tó pa jẹ, ọ̀rẹ́ àtijọ́ tó padà wá. Ẹ dí ihò yẹn. Kó padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì. Ẹ má sì jẹ́ kó ka ọjọ́ 60 tó fi wà ní mímọ́ sí òfo.

OnílùAkọ́kọ́

Àwa tí a jọ ń ṣeré, báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ṣì mọ́? A ò fẹ́ máa ṣọ́ ọ bí olè.

Onídùrù

Àyẹ̀wò ìtọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí a ò sọ fún un tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ pé ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ló ń ṣe é, kó sì ti fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ìwé àyẹ̀wò lásán tí wọ́n fi ń wá kodíìnì kì í rí tramadol, ti tramadol ní tirẹ̀, ẹ béèrè fún un ní orúkọ. Kodíìnì ń pẹ́ nínú ìtọ̀ fún bí ọjọ́ 1 sí 3, tramadol bí ọjọ́ 1 sí 4, igbó lára ẹni tó ń fà á lójoojúmọ́ lè pẹ́ tó oṣù kan, nítorí náà ẹ má fi àyẹ̀wò igbó ọ̀sẹ̀ kejì pè é ní òpùrọ́. Ọtí kì í pẹ́ rárá, èémí ẹnu ni wọ́n fi ń yẹ ìyẹn wò. Ẹ pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ máa ṣe bí ó bá jáde pé ó lò ó: kò ní gun ìtàgé lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ó pe ẹni tó ń jẹ́wọ́ fún, ẹ ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìpín owó rẹ̀ ò ní yẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni kí ẹ má gbàgbé. Tó bá mọ̀ pé òótọ́ máa gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òun, ìtọ̀ ẹlòmíràn ló máa gbé wá fún yín.

MánéjàẸgbẹ́

Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Aago 8 àárọ̀ ọ̀la ni dókítà máa rí i. Ó ní kí n bi nọ́ọ̀sì bóyá kó má mutí rárá lálẹ́ òní.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Kó má já a lójijì ní òun nìkan nínú ilé lóru. Bí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n báyìí, tí òógùn sì ń bò ó, ẹ má dúró de aago 8, ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì lálẹ́ yìí. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, kí ó mu ìwọ̀n tó máa ń mu, kó má fi kún un, kó má sì fi kodíìnì tàbí tramadol kún un ní wákàtí kan náà. Kí ẹnì kan sùn sínú yàrá rẹ̀. Ẹ kó àwọn páálí yẹn sínú báàgì láti alẹ́.